Ṣé kí n fẹ̀yìntì ní ọdún 52, àbí kí n dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni mí ní OAU, n kì í ṣe olùkọ́. Mo ti pé 52, mo sì ti lo ọdún 24 lẹ́nu iṣẹ́. Iléṣà ni mò ń gbé. Owó mọ́tò lọ sí Ifẹ̀ ń jẹ owó oṣù mi, orúnkún sì ń dùn mí. Bàálé mi ti fẹ̀yìntì, wọ́n ní kí n wá ká jọ máa tajà. Àbíkẹ́yìn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ṣé kí n kọ̀wé sílẹ̀?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má tíì kọ ọ́. Òfin ò dí yín lọ́nà o: ẹni tó ti pé 50 lè fẹ̀yìntì kó sì máa jẹ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Iṣẹ́ yín ní yunifásítì náà sì lè gbé yín dé 65. Ọdún 60 táwọn ará sẹkitéríàtì ń kà kọ́ ni tiyín.

Ẹ mú ìwé owó oṣù yín. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù yín sínú àpò ìfẹ̀yìntì yín, ìjọba ń fi ìdá 10 kún un. Bí owó tí wọ́n ń ṣírò lé lórí bá jẹ́ ₦120,000, ₦21,600 ló yẹ kó máa wọlé lóṣù. Ní ọdún 5, ó di ₦1,296,000, kí èrè tó gorí ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá kúrò, ìyẹn dáwọ́ dúró, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú èyí tó wà nílẹ̀, fún ọdún tó pọ̀ sí i. Owó gọbọi tí wọ́n kọ́kọ́ ń san ló máa ń bo èèyàn lójú tí wọn ò fi rí ìyẹn.

Ti ọjà bàálé, ẹ dán an wò ní Sátidé fún ọdún kan, kí owó oṣù ṣì máa wọlé. (Ọkùnrin tó fẹ̀yìntì kì í sọ pé jíjókòó sílé ti sú òun, ọjà ló máa ń fi bò ó.) Bí ẹ bá jẹ alájẹṣẹ́kù lówó, ẹ kọ́kọ́ san án tán.

Orúnkún ni mo bẹ̀rù. Ẹ rí dókítà, kí ẹ sì bẹ ọ̀gá yín fún ọ́fíìsì ìsàlẹ̀. Bí kò bá ṣeé fara dà, ìṣirò mi yí padà. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ dúró kí ọmọ gboyè, ìyẹn bí ọdún 56.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà, ẹ yẹ ọjọ́ ìbí inú fáìlì yín wò. Mo mọ ìyá kan tí ìwé ìbí rẹ̀ sọ ọ̀tọ̀, tí fọ́ọ̀mù tó fi wọṣẹ́ sọ ọ̀tọ̀. Oṣù 7 ló fi ń lọ tó ń bọ̀, kò tíì rí kọ́bọ̀.