Áńtẹ́nà kì í fi agbára kún nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fi agolo ṣe áńtẹ́nà Wi-Fi bí mo ṣe rí i nínú fídíò kan. Agolo náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15. Mo gbé e sórí òrùlé, mo sì fi wáyà mítà 10 fà á wọlé sídìí kọ̀ǹpútà mi. Kàkà kó sàn, èyí tí mò ń gbà tẹ́lẹ̀ gan-an ò wọlé dáadáa mọ́. Ṣé kí n wá agolo tó tún tóbi jù báyìí lọ ni, àbí kí n ra ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún un?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má wá agolo ńlá, má sì tíì ra nǹkan kan. Wáyà mítà 10 yẹn ni kí o kọ́kọ́ yọ kúrò. Màá sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò kan wà nídìí ìbéèrè rẹ tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú u palẹ̀.

Áńtẹ́nà kì í fi agbára kankan kún nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò ní bátìrì, kò jẹ iná, irin lásán ni. Bí ráútà, ẹ̀rọ tó ń tan Wi-Fi, bá fi milliwatt 100 (milliwatt ni a fi ń wọn agbára kékeré) ránṣẹ́ sí i, 100 náà ni yóò jáde, bí kò bá tilẹ̀ dín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń kó ohun tí ì bá fọ́n ká jọ sí apá kan. Wo ẹni tó ń pe èèyàn lókèèrè: á ká ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu. Ohùn rẹ̀ ò le sí i, àmọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pè ni èyí tó pọ̀ jù ń lọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò ní gbọ́ ọ tó ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ gbọ́ èsì, á ká ọwọ́ sẹ́yìn etí. Agolo kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ ẹnu àti ti etí. Ibi tí o bá kọjú rẹ̀ sí ló ti máa ṣe ọ́ lóore. Ibi yòókù, àdánù ni.

Ìdí nìyí tí inú fi máa ń bí mi sí àwọn tó ń ta sítíkà tí wọ́n ní kí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè le. Wọ́n gbé ọ̀kan wá fún mi, mo fi abẹ ṣí i. Bébà tín-ín-rín aláwọ̀ wúrà ni, wọ́n ya ilà sí i lára, kò kan ohunkóhun nínú fóònù. Kò kó nǹkan jọ, kò darí nǹkan síbì kankan. Ẹ má rà á.

Ó di orí wáyà. Ní 2.4 GHz, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ìgbì tí Wi-Fi ń lò, wáyà áńtẹ́nà tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní RG-58 ń jẹ nǹkan bíi decibel 1 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Decibel ni a fi ń wọn bí agbára ṣe pọ̀ sí i tàbí dín kù. Bí decibel 3 bá lọ, ìdajì agbára ti lọ. Bí 10 bá lọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Agolo tí a ṣe dáadáa kì í sábà mú ju decibel 8 sí 10 wá, nítorí náà gbogbo èrè agolo ni wáyà rẹ ti jẹ tán. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n so ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré tó ń lo USB, èyí tó ní ojú tí a lè so áńtẹ́nà mọ́, mọ́ ẹ̀yìn agolo gan-an, kí n wá fi wáyà USB wọlé. Dátà ló ń gba inú wáyà yẹn, kì í ṣe ìgbì, kò sì ní rẹ̀ títí dé mítà 5. Tìrẹ jìn jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà gbé ráútà kékeré sínú àpótí tí omi ò lè wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo, kí o fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì fà á wọlé. Ìyẹn lè dé 100 mítà.

Agolo tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9 ló dára fún 2.4 GHz. Bó bá kéré sí 7.5, ìgbì ò ní ráyè kọjá dáadáa. Tìrẹ tó jẹ́ 15 fẹ̀ jù, ìgbì á máa gba oríṣiríṣi ọ̀nà nínú rẹ̀, wọ́n á sì máa dí ara wọn lọ́wọ́. Fún ti 9 yẹn, lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ agolo, ní mìlímítà 51 sí ìdí rẹ̀ tó dí. Wáyà bàbà tó gba ihò yẹn yọ sínú agolo gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 31 láti ara agolo dé orí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kan irin agolo rárá. Jẹ́ kó dúró ṣánṣán bí áńtẹ́nà ráútà tí o ń bá sọ̀rọ̀ bá dúró ṣánṣán. Bí o bá dà á dùbúlẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára náà á lọ.

Ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún un ńkọ́? Fi í sílẹ̀. Òfin wà lórí ìwọ̀n tí èèyàn lè tàn sójú afẹ́fẹ́, kì í sì í ṣe ibi gbogbo ló ti jọra, torí náà béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó rédíò lórílẹ̀-èdè rẹ. Agolo tó ń kó nǹkan jọ náà wà lábẹ́ òfin yẹn.

Mo bẹ̀ ọ́, má gun òrùlé lẹ́bàá wáyà iná, má sì fọwọ́ kan áńtẹ́nà nígbà tí òjò bá ṣú. Mi ò rí ilé rẹ, mi ò lè sọ pé ibẹ̀ ò léwu. Ẹnu agolo náà mú bí abẹ. Fi fáìlì há a kó tó di pé o dì í mú.

Nígbà tí o bá ṣe é tán, yí i díẹ̀díẹ̀, kí o máa wo nọ́ńbà dBm lójú kọ̀ǹpútà, èyí tó ń sọ bí ìgbì tó ń wọlé ṣe lágbára tó; bó bá ṣe ń sún mọ́ òdo ló ṣe ń dára sí i. Bó bá ti -80 wá sí -70, ó ti dára sí i gan-an. Kọ nọ́ńbà àtijọ́ àti ti tuntun ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú gígùn wáyà.