Kí o tó ra máìkì olówó gọbọi fún gìtá rẹ

Àbúrò mi, o ní àwòrán inú fídíò rẹ mọ́ gaara, àmọ́ gìtá ń dún bí agolo tómátò, o wá fẹ́ ká dárúkọ máìkì tí wàá rà. Fi owó yẹn pamọ́ ná. Mo ti ra máìkì olówó gọbọi rí, oṣù mẹ́ta ni mo sì fi ń bú u láìṣẹ̀.

Ojú ihò gìtá ni mo ń kọ ọ́ sí, torí mo gbà pé ibẹ̀ ni ohùn ń gbà jáde. Gbùù gbùù ni mo ń gbọ́. Okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹsẹ̀ sitáńdì tó yọ̀ lọ́jọ́ kan, tí máìkì yí dojú kọ ibi tí ọrùn gìtá ti so mọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún ohun tó ká sílẹ̀ gbọ́. Okùn kọ̀ọ̀kan ń sọ tẹnu rẹ̀! Láti ìgbà náà, fret 12 (irin tẹ́ẹ́rẹ́ kejìlá tó dábùú ọrùn gìtá) ni mo ń kọ máìkì sí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sí gìtá, kò tó gígùn bébà A4 kan. Bó bá ṣì ń dún gbùù, sún un sẹ́yìn. Bó bá tín-ín-rín jù, yí ojú rẹ̀ díẹ̀ sápá ara gìtá.

Fóònù gan-an tó fún iṣẹ́ yìí, bí o bá rí méjì (yá ìkejì). Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń fúnra rẹ̀ gbé ohùn sókè, kó sì tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: tó o bá ń ta gìtá jẹ́jẹ́, á gbé ariwo fáànù wá síwájú, tó o bá gbá gbogbo okùn pọ̀, á tẹ gìtá rì. Wá ápù tó máa jẹ́ kí o pa àṣà yẹn, kí o sì máa wo mítà, ìlà tó ń fi bí ohùn ṣe pọ̀ tó hàn nínú ápù náà: níbi tí o bá ti ta á kíkankíkan jù, kó má kọjá −12 dB. Ohùn tó bá ti fọ́, kò sí àtúnṣe. Fóònù kan fún àwòrán, èkejì fún ohùn. Kó o tó bẹ̀rẹ̀, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà. Nínú CapCut, ápù tí a fi ń to fídíò pọ̀, ibi tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti pàdé ni kí o gbé ohùn pàtẹ́wọ́ náà sí. Orin kan ṣoṣo ni kí o máa ká lẹ́ẹ̀kan. Mo ká ogójì ìṣẹ́jú pọ̀ rí. Nígbà tó fi máa parí, ọwọ́ mi ti dé kọ́ọ̀dù mìíràn kí ohùn tó dé.

Má jókòó sí pálọ̀ tí wọ́n tẹ́ táìlì sí, yàrá ibùsùn ni kí o lò. Mátírẹ́ẹ̀sì tí mo gbé nàró sẹ́yìn mi wúlò ju fóòmù wẹ́wẹ́ tí wọ́n tà fún mi lọ. Aago mẹ́rin ìdájí ni tèmi, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti sùn, tí mọ́ṣáláṣí kò tíì pe ìrun. Iná bọ́ọ̀bù ni wàá lò nígbà yẹn. 50 Hz ni iná Nàìjíríà (ìgbà àádọ́ta ló ń yí po ní ìṣẹ́jú àáyá kan), torí náà fi shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwòrán á máa ṣẹ́jú.

Kí o sì bọ́ṣọ oníbọ́tìnnì. Kó-kó-kó kan wà lẹ́yìn gìtá mi tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì wá kiri inú ilé. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mi ló ń kan pákó.