Ẹ Bi Ìyá Léèrè: Wàláà Inú Àpótí Màmá Mi

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lọ́tẹ̀ yìí. Ti àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Kí àwọn méjì yòókù má bínú sí mi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Màmá mi ti jáde láyé. Nígbà tá à ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ nílé wa ní Òkè Àrẹ, a rí wàláà, pákó ìkọ̀wé tí mo fi kéú ní kékeré, nínú àpótí aṣọ wọn. Ìró àdìrẹ kan ni wọ́n fi wé e. Mo gbé e wá sílé ọkọ mi ní Akóbọ̀. Bàbá Ìbejì ti ń jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ àáfà kan báyìí, àwọn yẹn sì ní wàláà ni o, hántú tí wọ́n ń fọ̀ lójú wàláà mu ni o, wòlímọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ kéú ni o, àdádáálẹ̀ tí kò sí nínú ẹ̀sìn ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní kí n dáná sun ún. Orí fóònù ni àwọn ọmọ mi ti ń kéú lọ́dọ̀ olùkọ́ kan. Ọkàn mi ò gbà kí n sun wàláà náà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ ṣẹ Ọlọ́hun. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Ìbejì, Akóbọ̀)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, Ọlọ́hun á fi Alùjánà ṣe ilé fún màmá. Má sun ún. Mo sọ ìyẹn ná kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, ká tó wá jókòó sọ ọ̀rọ̀.

Ọmọ àdúgbò kan náà ni wá. Ilé kéú ni wọ́n bí mi sí, ní Òkè Àrẹ níbẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi sì ni ilé kéú ọ̀hún. Àwa ọmọ á jókòó sórí ẹní, Bàbá á jókòó sórí awọ àgbò Iléyá tó kọjá, pàṣán á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bútà àlùwàlá á wà lódìkejì. Màmá mi ló ń ṣe tàdáwà tí a fi ń kọ̀wé. Á fi ọ̀bẹ ha èédú ìdí ìkòkò sínú àwo, á pò ó mọ́ oje igi, á sì máa kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá dà á sára aṣọ, òun fúnra rẹ̀ ló máa fọ̀ ọ́.

Ṣé o rántí bí wàláà ṣe ń ṣiṣẹ́? Bàbá á ti kálámù, ìyẹn gègé wọn, bọ inú tàdáwà, wọ́n á kọ ìlà bíi mélòó kan fún ọ, wọ́n á kà á, ìwọ náà á kà á tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà, ó di tìrẹ. O ó máa kà á, o ó máa mì síwá sẹ́yìn, ariwo tẹnìkejì á fẹ́ gbà ọ́ lọ́kàn, o ó tún padà sí tìrẹ. Ìlà yẹn ò ní kúrò lójú wàláà àfi tó o bá kà á fún Bàbá láìwò ó. Ọjọ́ tó bá já gaara lẹ́nu ẹ, wọ́n á ní, “Lọ fọ̀ ọ́.” Kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn létí ọmọ kéú tó ìyẹn. Ẹni tí ò tíì mọ̀ ọ́n, tàdáwà á gbẹ mọ́ ọn lójú wàláà, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì mọ̀ pé ìlà ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣì wà lọ́wọ́ ẹ. Omi tá a bá fi fọ̀ ọ́, a kì í dà á sójú ọ̀nà. Ìdí igi kan lẹ́yìnkùlé wa la máa ń dà á sí, níbi tí ẹsẹ̀ ò ti ní tẹ̀ ẹ́.

Ìwé wọ́n nígbà yẹn, pákó sì ṣeé fọ̀. Ìdí wàláà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń kírun sí i, kò sẹ́ni tó ń bọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ fún Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, èyí tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ Súrà 96, kíké ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì dárúkọ kálámù níbẹ̀. Kálámù ò sì lè kọ̀wé sójú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ní pákó tá a fi kọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kó wá sọ ohun tó fẹ́ sọ nípa fóònù tí àwọn ọmọ rẹ fi ń kéú.

Àti pé ohun tuntun kì í ṣe ọ̀tá ohun àtijọ́. Nígbà tí Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory dá Markaz, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Agége ní 1955, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sínú kíláàsì bíi ti ilé ìwé òyìnbó. Àwọn kan kùn nígbà náà. Lónìí, ta ló tún ń kùn sí bẹ́ǹṣì? Ní Ìbàdàn wa níbí, ọdún 1955 kan náà ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á yí ọmọ àwọn lórúkọ, wọ́n á yí i lẹ́sìn. Àwọn ìyá ò jókòó kí wọ́n máa sunkún. Àlhájà Humuani Alaga, oníṣòwò aṣọ, kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ Isabatudeen ní 1958, nígbà tó sì di 1964, ilé ìwé girama àwọn ọmọbìnrin ti dúró. Ọmọbìnrin lè lọ síbẹ̀ láàárọ̀, kó dé ilé kéú nírọ̀lẹ́. Èmi náà mọ bí ó ṣe ń rí kéèyàn bọ́ yúnífọ́ọ̀mù kó sì gbé wàláà, kí ọ̀fun má tíì tutù.

Ti hántú ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti máa gbè sẹ́yìn ọkọ rẹ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ́dọ̀ bàbá mi pé kí wọ́n fọ wàláà fóun mu nítorí ibà, ìbéèrè tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ṣé o ti dé Adéọ̀yọ́?” Bó bá ní òun ò tíì dé ọsibítù, wọ́n á ní kó lọ ná. Àwọn àáfà àgbà láti ayé ọjọ́un ò fohùn ṣọ̀kan lórí mímu ún, ẹni tó mu ún àti ẹni tí kò mu ún sì lẹ́rìí lẹ́yìn. Àmọ́ ẹni tó ń rọ ọ́ sínú ìgò, tó ń dá iye lé e, tó sì ń sọ fún aboyún pé kó má lọ sí ọsibítù mọ́, èmi àti Bàbá Ìbejì jọ wà lójú kan lórí tìyẹn.

Wòlímọ̀ yàtọ̀. Lọ́jọ́ tèmi, aṣọ funfun ni wọ́n dà bò mí, ẹnì kan di agboòrùn mú sórí mi, mo ń kà, àyà mi ń já, àwọn ìyá sì ń lẹ tọ́rọ́ àti sílè mọ́ mi níwájú orí títí mi ò fi ríran mọ́. Wọ́n kọ wákà títí ilẹ̀ fi ṣú. Àáfà kan tó wá láti ìlú mìíràn bi bàbá mi níṣojú mi pé inú hádíísì wo ni agboòrùn yẹn wà. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Kò sí níbì kankan. Ìwé tó kà yẹn ni ẹ̀sìn, èyí tó kù, ayọ̀ ni.” Bí wọ́n ṣe máa ń tú ọ̀rọ̀ ká nìyẹn, mi ò sì tíì rí ọ̀nà mìíràn tó dára jù ú lọ. Ẹni tó bá pe ayọ̀ ní ẹ̀sìn, a óò bá a wí. Ẹni tó bá ní ká má yọ̀ rárá, a óò bi í léèrè ohun tá a ṣe. Tí wòlímọ̀ bá wá di aṣọ ẹbí olówó gọbọi àti gbèsè, ìyẹn kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ohun kan wà tí mi ò ní bò mọ́lẹ̀, torí àwa tá a dàgbà sí ilé kéú fẹ́ràn ká máa fi ẹ̀rín gbé e pamọ́: pàṣán yẹn pọ̀ jù. Mo mọ ọmọ tó sá lọ nítorí rẹ̀ tí kò padà, tó sì jẹ́ pé títí dòní, tó bá gbọ́ ohùn kéú, ńṣe ló máa ń gbé èjìká sókè. Ibi tí olùkọ́ orí fóònù ti sàn ju ilé kéú lọ nìyẹn, kò ní pàṣán lọ́wọ́.

Àmọ́ ohun tí olùkọ́ orí fóònù ò lè ṣe náà wà. Ọjọ́ Àlàrùbá la máa ń mú owó wá fún Bàbá, ìyẹn owó Àlàrùbá. Àwọn ọmọ kan wà tí ilé wọn kò ní. Bàbá á ti pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọlé kí kéú tó bẹ̀rẹ̀, bíi pé wọ́n fẹ́ rán an níṣẹ́. Tí gbogbo wa bá wá tò láti san owó, òun náà á tò, á sì sọ tirẹ̀ sínú igbá kóró! bíi tiwa. Èmi tí mò ń sùn nínú ilé yẹn ò mọ̀ sí i. Ẹnu ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tó ti darúgbó báyìí, ni mo ti gbọ́ ọ níbi fìdáù Bàbá.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, gbé wàláà yẹn kalẹ̀ fún àwọn ìbejì. Tí o ò bá rí tàdáwà rà, lọ èédú kúnná, kó o pò ó mọ́ omi gọ́ọ̀mù díẹ̀. Kí wọ́n kọ ohun tí olùkọ́ wọn kà lórí fóònù sí i, kí wọ́n kà á fún bàbá wọn láìwò ó, kí bàbá wọn sì jẹ́ ẹni tó máa sọ pé “Lọ fọ̀ ọ́.” Ọkùnrin tó bá gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ka Fátíhà já gaara, tí ọmọ ń wo òun lẹ́nu, kò jọ pé á tún dáná sí pákó náà. Má bá a jiyàn níṣojú ẹbí. Tó bá ní àwọn ọ̀dọ́ àáfà wí báyìí, sọ fún un pé Súrà 16, áyà 43, ní ká bi àwọn onímọ̀ tí a kò bá mọ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sì jọ lọ bá àáfà àgbà kan. Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, kúnlẹ̀, sọ pé “Ẹ ṣeun, mà, mo ti gbọ́,” kó o sì tọ́jú wàláà rẹ síbi tójú wọn ò ti ní tó o.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá, ṣé àjísààrì, orin tí wọ́n fi ń jí èèyàn jẹ sààrì, bá ẹ̀sìn mu? Àwọn ọmọ àdúgbò wa fẹ́ dá a sílẹ̀ padà nígbà ààwẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì ti lọ háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn. (Alága Àdúgbò, Mọ́níyà)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rọ yẹn ni ọ̀ràn, Alága, kì í ṣe orin. Ànábì ní ká máa jẹ sààrì torí àlùbáríkà wà níbẹ̀, ẹni tó bá jí wa ká lè jẹ ẹ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn oníwéré, ìyẹn àwọn olórin àjísààrì ìgbà tiwa, á gba Bẹẹrẹ wá tàwọn ti agogo àti sákárà, wọ́n á máa dárúkọ baálé ilé kọ̀ọ̀kan. Màmá mi á ti wà nídìí àmàlà, á máa gbe orin wọn láti ilé ìdáná. Wọ́n mọ ilé tí ìyá ọmọ tuntun wà, wọ́n á rọra kọjá níbẹ̀. Inú wéré yẹn ni Dáúdà Epo Àkàrà, ọmọ Ìbàdàn, ti fa awúrebe yọ, inú rẹ̀ náà sì ni Síkírù Àyìndé Barrister ti fa fújì yọ. Nítorí náà mi ò ní bú u. Àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ ilé aláìsàn yàtọ̀. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ ra agogo fún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Mo jẹ́ ìyàwó tuntun, inú agboolé ńlá ni mo wà. Kírísítẹ́nì ni àwọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn kan sì ń gbé egúngún. Ṣé mo lè fún wọn ní ẹran Iléyá? (Ìyàwó Tuntun, Bẹẹrẹ)

ÌDÁHÙN: Fún wọn. Súrà 22, áyà 36, ní ká jẹ níbẹ̀, ká sì fi bọ́ ẹni tó tọrọ àti ẹni tí kò tọrọ, kò béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà mẹ́ta la máa ń pín in sí: ti ilé, ti ará àti aládùúgbò, ti aláìní. Ilé eléégún wà ní ọ̀ọ́kán ilé wa, itan kan ni tiwọn lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí egúngún Olóòlù bá máa jáde, tí obìnrin ò gbọ́dọ̀ rí i, àwọn ni wọ́n máa ń rán ọmọ wá sọ fún bàbá mi láàárọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n lè kó àwa ọmọbìnrin ilé kéú wọlé. Tútù ni kó o fi ránṣẹ́, nínú abọ́ tó ní ìdérí, kí oòrùn tó mú. Kó má sì jẹ́ ìfun àti ẹsẹ̀ nìkan ni wàá kó fún wọn o.