Nígbà Tí Oníbàárà Kò Yé Yí Àwòrán Ilé Padà

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ayàwòrán-ilé ni mí. Èmi àti ọmọ-iṣẹ́ kan ṣoṣo la jọ wà ní ọ́fíìsì. Àwọn oníbàárà mi kì í yé yí ọkàn padà lórí àwòrán, wọn kì í sì í fi nǹkan kún owó iṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má dá oníbàárà nìkan lẹ́bi, nítorí ẹni tí a kò fi ààlà hàn kò lè mọ ìgbà tí òun kọjá rẹ̀. Ẹ pín iṣẹ́ sí ìpele nínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì kọ iye ìgbà tí ẹ ó tún àwòrán ṣe láìgba owó mìíràn. Nígbà tí àwòrán bá ṣì wà ní ìwọ̀n 1:100, níbi tí sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà ti dúró fún mítà kan lórí ilẹ̀, àtúnṣe kò le. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dé 1:50, tí ẹnjiníà sì ti ṣírò òpó àti irin, tí oníbàárà wá ní kí ẹ sún àtẹ̀gùn sí apá kejì, àyè tí ẹ dá sí dẹ́kì fún un yóò ṣí kúrò, irin inú dẹ́kì náà yóò yí padà, ilẹ̀kùn àti páìpù omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì ní lè dúró síbi tí wọ́n wà. Ẹ fi gbogbo èyí hàn án, kí ó sì fọwọ́ sí ìpele kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. (Ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ṣe ìfọwọ́sí, bó ti wù kí ẹ mọ ara yín tó.) Ní ti owó, ẹ gba díẹ̀ kí ẹ tó fa ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ sì gba ìyókù ní ìparí ìpele kọ̀ọ̀kan.