Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta ló jẹ gbèsè Manchester United?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló dé tí àwọn olólùfẹ́ Manchester United ń bínú sí ìdílé Glazer? Ṣebí owó wọn ni wọ́n fi ra ẹgbẹ́ náà?

Ìdáhùn: Owó wọn nìkan kọ́. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 790 pọ́ùn ni Malcolm Glazer fi ra ẹgbẹ́ náà ní 2005, ó sì yá ju ìdajì rẹ̀ lọ. Dúkìá ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi dúró fún apá kan. Ẹgbẹ́ tí kò ní gbèsè lọ́rùn tẹ́lẹ̀ wá ń san èlé owó tí ẹlòmíràn yá láti fi rà á. Ìyẹn gan-an ló ń dun àwọn ènìyàn, ó sì tọ́ kó dùn wọ́n: owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn wà nínú èlé náà.

Apá tó burú jù ni ẹ̀yáwó tí wọ́n gbà lórúkọ ilé-iṣẹ́ ìdílé náà. Èlé rẹ̀ ju ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èyí tí wọn kò bá san ń gorí gbèsè. Ní 2010 ni wọ́n tó san án tán.

Àwọn olólùfẹ́ kan kúrò ní 2005, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn, FC United of Manchester, sílẹ̀, níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ní ìbò kan. Ní 2010, àwọn tó kù so ìborùn aláwọ̀ ewé àti wúrà láti fi ẹ̀hónú hàn, àwọ̀ Newton Heath, orúkọ tí Manchester United ń jẹ́ títí di 1902.

Ẹ fẹ́ yẹ ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn wò? Ọ̀fẹ́ ni àkọsílẹ̀ ìṣirò owó wọn ní Companies House, ọ́fíìsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ wo owó èlé, kí ẹ sì wo dúkìá tí wọ́n fi dúró.