Mọ́tò ọmọ mi ń fi imú balẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kan pákó tí mọ́tò rìmóòtù ọmọ mi á máa gùn fò, àmọ́ imú ló fi ń sọlẹ̀ ṣáá, bọ́ńpà ẹ̀ ti là. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ màmá. Ó jọ pé ọmọ yín ń yọwọ́ lórí iná (ibi tó ń tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré) tó bá ti kù díẹ̀ kó fò, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kímú ẹ̀ wálẹ̀, kó má yọwọ́ títí táyà ẹ̀yìn á fi kúrò lórí pákó. Tó bá ti wà lókè, iná díẹ̀ á gbé imú sókè, bíréèkì á fà á wálẹ̀. Pákó yẹn náà, ẹ má jẹ́ kó ga gan-an, digrì 20 ti tó, kẹ́ ẹ sì fi puláíwúùdù fẹ́lẹ́ tó ṣeé tẹ̀ bò ó kí táyà má bàa máa gbá ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ tẹ́ fóòmù àtijọ́ síbi tó ń balẹ̀ sí.