‘Dá’ ní Ìtokú, ‘da’ ní Moscow: ṣé kí n yí orúkọ ọjà mi padà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aládìrẹ ni mí ní Ìtokú, l'Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ tẹ lébẹ́ẹ̀lì tí a ó máa rán mọ́ ọrùn aṣọ, orúkọ tí mo sì mú ni DÁ, láti ara ‘dáṣọ’. Àbúrò mi tó wà ní Jámánì ní kí n má tíì tẹ̀ ẹ́, pé ‘níbẹ̀’ ni ‘da’ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ mi ní ‘bẹ́ẹ̀ ni’ ló jẹ́ lédè Rọ́ṣíà. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìgbò kàn rẹ́rìn-ín ni, kò sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Mo ní oníbàárà ní Accra, ní London àti ní Bahia, ní Brazil. Ṣé kí n yí i padà ni? Kí ló tiẹ̀ dé tí ọ̀rọ̀ kékeré yìí fi wà káàkiri, àbí ibì kan náà ni gbogbo wa ti ṣẹ̀ wá?

ÌDÁHÙN: Àrẹdú o, màmá. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo fi ń jẹun, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti tẹ ẹgbẹ̀rún méjì lébẹ́ẹ̀lì tán ni irú ìbéèrè yìí sì máa ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè béèrè. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má sọ ọ̀rọ̀ náà nù, ṣùgbọ́n kí ẹ má jẹ́ kó dá dúró. (Ẹ ò rí i, ‘dá’ mìíràn nìyẹn.)

Ohun tó pa oníbàárà yín lẹ́rìn-ín ni kí n kọ́kọ́ tú. Lédè Ìgbò, ‘da’ ni kí nǹkan ṣubú. Bí ọmọ iléèwé bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, wọ́n á ní ‘ọ dara ule’. Ẹ wá wo ẹni tó wọ bùbá tó rẹwà, tí wọ́n kọ ‘ṣubú’ sí i lọ́rùn. Kì í ṣe èébú, ẹ̀rín lásán ni.

Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí fún yín jù kì í ṣe Jámánì, Abẹ́òkúta gan-an ni. Ọ̀pọ̀ atẹ̀wé kì í fi àmì sórí lẹ́tà ńlá. Bí DÁ bá ti di DA, ta ló mọ èyí tí ẹ ń wí? Ọlọ́run ló dá ayé, babaláwo ló dá Ifá, ẹgbẹ́ ló dá owó jọ, adájọ́ ló dá ẹjọ́, àgbẹ̀ ló dá oko, ọkọ ló dá aṣọ fún ìyàwó. Gbogbo ìyẹn, ohùn òkè ni. Ẹ fa ohùn yẹn wálẹ̀, omi á dà sílẹ̀, ọ̀rẹ́ á da ọ̀rẹ́, a ó sì máa pè é ní ọ̀dàlẹ̀. ‘Dà’ yìí náà la tún fi ń wá nǹkan. Owó dà? Aṣọ mi dà? Oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, tó wá rí DA tí kò lámì, ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni yóò kà síbẹ̀. (Àwọn tó ń kọ Yorùbá sílẹ̀ mọ̀ pé ó tún le jù báyìí lọ: ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń gòkè sí àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ‘omi dà’, tí a sì ń kọ ‘da omi’.)

Kí a wá jáde. Nínú ‘sannu da aiki’ tí àwọn Hausa fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ‘da’ yẹn ni ‘pẹ̀lú’. Bí wọ́n bá fa fáwẹ́lì rẹ̀ gùn, ó di ‘látijọ́’. Bí wọ́n bá fi ɗ tó ní ìwọ lórí kọ ọ́, ó di ‘ọmọkùnrin’. Ní Accra, Gã ni èdè onílé, ṣùgbọ́n Twi ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń nájà, ‘da’ wọn sì ni kéèyàn sùn. ‘Da yie’ ni wọ́n fi ń kí ara wọn bí wọ́n bá fẹ́ lọ sùn. Ká ní aṣọ ìsùn lẹ ń tà ni, orúkọ ti délé nìyẹn.

Àbúrò yín kò parọ́ nípa Jámánì, ọmọ yín náà kò sì parọ́ nípa Rọ́ṣíà. Ní Ítálì, ‘láti’ ni: Leonardo da Vinci, Leonardo tó ti ìlú Vinci wá. Ní Wales, ‘dára’ ni, ‘bore da’ ni ẹ kú àárọ̀ wọn. Àwọn tó ń sọ Gaelic ní Scotland ń fi ‘dà’ ka méjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ará Ireland tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pe bàbá wọn ní ‘da’. Nítorí náà, kò sí ohun tó lè bà yín lẹ́rù ní London.

Bahia ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Lédè Potogí, ‘da’ ni ‘ti’, bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ èyí tí wọ́n kà sí abo. A ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ ní Èkó láìfura, nítorí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé gbé e wá sínú orúkọ wọn: da Costa, da Silva, da Rocha. Ilé àwọn da Rocha ní òpópónà Kakawa, Casa da Água ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn Ilé Omi. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àmì lé e lórí, kí ó di ‘dá’ gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe kọ tiyín, ó ti di ‘ó ń fúnni’. Àmì kan náà ni lójú, iṣẹ́ wọn ló yàtọ̀: tiwa ń sọ ohùn, tiwọn kì í sọ ohùn rárá, ó kàn ń ya ‘dá’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘da’ ni. Ará Salvador, olú-ìlú Bahia, tó bá yẹ ọrùn aṣọ yín wò, ‘ó ń fúnni’ ni yóò kà. Ẹ ò lè fowó ra irú oríire bẹ́ẹ̀. Ní Kúbà, láìlámì pàápàá, ‘fúnni’ náà ni lédè Sípáníìṣì.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù, torí àwọn náà ń fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa. Bí ohùn bá dúró lókè, dā, kéèyàn ta àgọ́ ni. Bó bá rọra ń gòkè, dá, ìdáhùn ni. Bó bá tẹ̀ wálẹ̀, dǎ, kí wọ́n lu èèyàn ni. Bó bá já wálẹ̀ láti òkè, dà, ‘ńlá’ ni. Ẹ dúró ná: ‘dá’ wọn, ‘dáhùn’ tiwa! Irú èyí ni àwọn kan ń rí tí wọ́n fi ń gbé ohùn sórí WhatsApp pé ọmọ ìyá kan náà ni wá. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ tó kí n máa pa fóònù mi. Ẹ lọ bi àwọn ará Hong Kong tó ń sọ Cantonese, ‘daap’ ni wọ́n ń pè é títí dòní, nítorí p wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà láyé àtijọ́, èdè Bẹijíìnì ló gé e dànù. Bí ẹ ṣe ń padà sẹ́yìn nínú ìtàn ọ̀rọ̀ náà lẹ ń jìnnà sí Yorùbá.

Èyí ló jẹ́ kí n lè dáhùn apá kejì ìbéèrè yín. Ìró tí ẹnu lè pè pẹ̀lú ìrọ̀rùn kò pọ̀. Ẹ ka Yorùbá nìkan: kọ́ńsónáǹtì 18, fáwẹ́lì àìránmúpè 7, ohùn 3. Bí ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, 378 péré ni sílébù bíi ‘dá’ tí a lè rí, bẹ́ẹ̀ ohun tí a fẹ́ sọ lóòjọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìsọ̀ kéré, oníṣòwò pọ̀. Dandan ni kí èèyàn méjì mẹ́ta máa pín ìsọ̀ kan. D àti a sì jẹ́ ìró tí ẹ ó bá nínú èdè púpọ̀ láyé, àwọn ọmọ ọwọ́ pàápàá ń pè é kí wọ́n tó mọ ọ̀rọ̀ kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣe kòńgẹ́ ara wọn. Kòńgẹ́ tó yà mí lẹ́nu jù wà ní Queensland, ní Ọsirélíà: nínú èdè Mbabaram, tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́, ‘dog’ ni wọ́n máa ń pe ajá. Wọn kò yá a lọ́wọ́ òyìnbó, òyìnbó kò sì yá a lọ́wọ́ wọn.

Ìbátan tòótọ́ kì í fara hàn nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jọra délẹ̀. Etí tiwa àti ‘ntị’ ti Ìgbò, ẹ̀ta tiwa àti ‘atọ’ tiwọn, kò jọra délẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní irú wọn púpọ̀ tó ń tò tẹ̀ léra. Yíyá náà sì wà: ‘da’ tí àwọn ará Ròmáníà fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ àwọn Slavic (ìdílé èdè tí Rọ́ṣíà wà nínú rẹ̀) tó wà láyìíká wọn ni wọ́n ti mú un.

Ó ku ohun tí ẹ máa ṣe. Àwọn olùkọ́ ìṣòwò fẹ́ràn láti máa sọ pé mọ́tò Chevrolet Nova kò tà níbi tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì, torí pé ‘no va’ ni ‘kò lọ’. Àlọ́ ni, ó tà ní Mẹ́síkò àti Fẹnẹsúélà. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ohùn mọ́lẹ̀ nínú orúkọ náà àti nínú gbólóhùn yẹn kò dọ́gba, kò sì sí ẹni tó ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n ti Mitsubishi Pajero, òótọ́ ni. Èébú ìgboro tí n kò ní kọ síbí ni ní Sípáníìṣì, Montero ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó yẹ kí ẹ máa wò nìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀ mìíràn kò ṣe nǹkan. Kó jẹ́ èébú ni ẹ máa sá fún. Ìwé atúmọ̀ èdè kì í sì í sábà kọ èébú ìgboro. Ẹ pe ọ̀dọ́ kan tó ń gbé ìlú tí ẹ fẹ́ tajà sí, ẹ pe orúkọ náà sí i létí, kí ẹ tó fi bí a ṣe kọ ọ́ hàn án. Ẹ má bi í pé ‘ṣé ó dára?’, torí á ní ó dára. Ẹ bi í pé kí ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn.

Èyí tó jẹ́ wàhálà DÁ gan-an ni pé ó kúrú jù. Ẹni tó bá tẹ lẹ́tà méjì yẹn sórí Google, kí ó tó kàn yín, ó ti ka gbogbo ayé tán. Ẹ kọ ọ́ tán, DÁṢỌ, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ àti àmì ìdí rẹ̀, kí ẹ sì dúró ti atẹ̀wé títí yóò fi fi wọ́n sí i. Kò sí Yorùbá tí yóò ṣì í kà, kò sì sí ‘níbẹ̀’ tàbí ‘ṣubú’ nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ṣebí ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ọrùn náà sì ni ẹ fẹ́ rán an mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kọ ọ́ ní Dasho kí òyìnbó lè rí i pè, ẹ lè gbà fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ kàn mọ̀ pé ní orílẹ̀-èdè Bhutan, oyè ni Dasho. Ọba wọn ló ń fi í dá èèyàn lọ́lá, aṣọ pupa kan tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká ni wọ́n sì fi ń mọ ẹni tó jẹ ẹ́.